Ta ló pa Charles Bravo ní 1876? Ẹ wá bá mi tú ẹjọ́ yìí

OmoKabba_Kubwa

Ẹ kú alẹ́ o ẹ̀yin èèyàn mi. Ẹ jẹ́ ká fi ọ̀rọ̀ òṣèlú sílẹ̀ díẹ̀ jàre, mo ní ẹjọ́ kan tí mo fẹ́ ká jọ yẹ̀ wò. Ó ti pẹ́ o, ayé Queen Victoria ni, ní Balham, London. Ọkùnrin kan wà tó ń jẹ́ Charles Bravo, lọ́yà, ẹni ọdún 30. Ní December 1875 ló fẹ́ opó olówó kan tó ń jẹ́ Florence Ricardo. Ọkọ àkọ́kọ́ tí Florence ní, sójà ni, ọtí ló pa á, £40,000 ló sì kù sọ́wọ́ obìnrin yìí, ẹ fojú inú wo nǹkan tí ìyẹn jẹ́ láyé ìgbà yẹn. Kó tó fẹ́ Bravo, ó ti ń bá dókítà àgbàlagbà kan lò pọ̀, Dr Gully, ọkùnrin tó lè bí i lọ́mọ, tó ń fi omi tútù wo àìsàn ní Malvern. Kì í ṣe dókítà kékeré o, Charles Darwin pàápàá lọ gba ìtọ́jú lọ́dọ̀ ẹ̀.

Ní April 18, 1876, àwọn mẹ́ta jọ jẹun alẹ́ nílé wọn tí wọ́n ń pè ní The Priory: Charles, Florence, àti Mrs Cox, opó ọlọ́mọ mẹ́ta tó ń bá Florence gbé tó sì ń bá a bójú tó ilé. Charles mu wáìnì burgundy, àwọn obìnrin mu wáìnì sherry. Oyún ṣẹ̀ṣẹ̀ bàjẹ́ lára Florence, ẹlẹ́ẹ̀kejì láàárín oṣù díẹ̀ tí wọ́n ṣègbéyàwó, torí náà Mrs Cox ló ń sùn tì í, Charles ń sùn ní yàrá ọ̀tọ̀. Charles wọlé lọ sùn, kò pẹ́ rárá ló ṣílẹ̀kùn tó ń pariwo "Florence! Omi gbígbóná!" Ó bì láti ojú fèrèsé sórí òrùlé ìsàlẹ̀, ó dákú. Dókítà kò lóǹkà tó dé sórí ẹ̀, wọn ò rí i ṣe, ó kú ní April 21. Nígbà tí wọ́n yẹ òkú ẹ̀ wò, májèlé ántímónì ni wọ́n bá níbẹ̀, irú èyí tó wà nínú ìyẹ̀fun tí wọ́n ń pè ní tartar emetic.

Kò sẹ́ni tí wọ́n fi í mú títí dòní. Èmi o, Mrs Cox ni mo gbà pé ó ṣe é. Ìdí mi ni pé Charles ti ń sọ pé owó tí wọ́n ń ná lé obìnrin yìí lórí ti pọ̀ jù, ó fẹ́ kó kúrò nílé. Opó tó lọ́mọ mẹ́ta, níbo ló ń lọ? Ẹ sọ tiyín.

Oloogun_Kaduna

Ẹ kú iṣẹ́ ọpọlọ o, OmoKabba. Ẹ jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ látorí májèlé náà fúnra ẹ̀ torí ibẹ̀ làwọn èèyàn máa ń fò kọjá, wọ́n á ti sáré lọ síbi ta ló kórìíra ta. Iṣẹ́ oògùn ni mò ń ṣe ní Kaduna níbí. Tartar emetic, ìyẹ̀fun funfun ni, ó ń yòrò nínú omi, tó bá ti yòrò tán ojú ò rí i mọ́, kò sì ní adùn tó máa jẹ́ kéèyàn tutọ́ ẹ̀ dànù. Oògùn gidi ni nígbà kan o. Wọ́n fi ń mú èèyàn bì, wọ́n fi ń tọ́jú ẹṣin, àti láti 1918 tí dókítà kan ti lò ó ní Khartoum, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í gún un sínú iṣan fáwọn tó ní àtọ̀sí ajá, àìsàn tó jẹ́ pé àwa tá a wà lókè ọya níbí mọ̀ ọ́n dáadáa. Àwọn oògùn oníhóró tó ń ṣiṣẹ́ jù ú lọ ló lé e kúrò.

Nǹkan tó ṣe kókó nípa ẹ̀ ni pé ó ń mú èèyàn bì. Tó o bá da púpọ̀ fún ẹnì kan lẹ́ẹ̀kan náà, ó lè bì í jáde kó sì yè, ìyẹn ni pé kì í ṣe májèlé tí ẹni tó mọ iṣẹ́ máa mú tó bá fẹ́ pa èèyàn lálẹ́ ọjọ́ kan ṣoṣo. Dr Pritchard tí wọ́n so kọ́ ní Glasgow ní 1865, díẹ̀díẹ̀ ló ń fún ìyàwó ẹ̀, ó dà bí àìsàn lásán lójú gbogbo ayé. Ṣùgbọ́n ti Bravo yìí, Professor Redwood tó yẹ èébì àti òkú náà wò sọ pé nǹkan tó wọ inú ẹ̀ ju 20 gíréènì (ìwọ̀n kékeré tí wọ́n fi ń wọn oògùn láyé ìgbà yẹn) lọ dáadáa, bẹ́ẹ̀ nǹkan tó kéré sí ìdajì ìyẹn ti pa èèyàn rí. Nítorí náà ẹni tó lò ó, yálà kò mọ ìwọ̀n ẹ̀ ni o, tàbí kì í ṣe pé ó fẹ́ pa á rárá, ó kàn fẹ́ kó ṣàìsàn kó dùbúlẹ̀ ni.

Ìkejì, burgundy. Gbogbo èèyàn ló ń nawọ́ sí burgundy torí pé Charles nìkan ló mu ún. Mi ò gbà. Wọ́n ti jẹun tán, wọ́n ti jókòó ní pálọ̀, ọkùnrin yìí ti gòkè lọ, àkókò tó kọjá láàárín ti gùn jù fún irú ìwọ̀n yẹn. Tartar emetic tó pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ kì í dúró wákàtí kan kó tó gbé ọ nínú. Ìgò omi tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì ló bá àkókò mu. Gbogbo ilé ló mọ̀ pé Charles kì í sùn láìmu omi yẹn.

Baba_SabonGari

Haba. Ẹ ń sọ̀rọ̀ bíi pé ẹ wà níbẹ̀. Ọkùnrin yìí wà láyé fún ọjọ́ mẹ́ta kó tó kú, ojú ẹ̀ là, ó ń sọ̀rọ̀, ó ṣe wíìlì, ó gbàdúrà, wọ́n ń bi í kí lo jẹ kí lo mu, kò pariwo pé "wọ́n ti pa mí o". Èmi o, tí ikùn bá kàn dùn mí lẹ́yìn oúnjẹ alẹ́, gbogbo Sábó á ti gbọ́ orúkọ ẹni tó sè é. Ó mọ nǹkan tó jẹ. Wallahi ó mọ̀.

Loya_Garki

Baba SabonGari, ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ ò jìnnà sí ibi tí mo fẹ́ lọ ṣùgbọ́n ẹ ti sáré jù. Ẹ jẹ́ ká wo ẹ̀rí, ká má wo ojú ẹnikẹ́ni.

Ọ̀rọ̀ méjì ló wà tí wọ́n ní Charles sọ, méjèèjì sì ta kora. Èyí àkọ́kọ́, àwọn dókítà ló gbọ́ ọ. Sir William Gull, tó jẹ́ ọ̀kan lára àwọn dókítà tó lórúkọ jù ní London nígbà náà, sọ fún un gbangba pé májèlé ló ń pa á àti pé ó ń kú lọ, ó bi í kí ló mu. Charles tẹnu mọ́ ọn pé laudanum nìkan ni, oògùn tí wọ́n fi ópíọ́ọ̀mù ṣe, tó fi pa èrìgì torí ìrora eyín. Ó fi Ọlọ́run búra lé e. Èkejì, Mrs Cox nìkan ló gbọ́ ọ. Ó ní nígbà tí òun kọ́kọ́ wọ yàrá náà, Charles sọ fún òun pé òun ti mu májèlé, kó má sọ fún Florence.

Ẹ wò ó dáadáa. Dr Harrison, ọ̀kan lára àwọn dókítà tó kọ́kọ́ dé, Mrs Cox ò sọ ọ́ fún un. Ọkùnrin ń kú lọ níwájú ẹ̀, dókítà ń wá nǹkan tó ń pa á, obìnrin yìí dákẹ́, ó ní chloroform, oògùn tí wọ́n fi ń kun èèyàn lóorun, lòun rò pé ó mu. Ìgbà tí Royes Bell dé, mọ̀lẹ́bí Charles tó jẹ́ dókítà, ló tó yọ ọ́ sọ. Ó tún wá di ìgbà ìwádìí kejì tí wọ́n ṣe lórí ikú náà, ọ̀rọ̀ náà ti gùn sí i: Charles ti wá sọ pé òun mu májèlé "nítorí Gully". Èmi tí mo ń lọ sí kóòtù, tí ẹlẹ́rìí bá ń rántí nǹkan sí i bí oṣù ṣe ń gorí oṣù, etí mi máa ń là.

Nínú Evidence Act wa ti 2011, section 40, ọ̀rọ̀ ẹni tó ń kú lọ nípa nǹkan tó pa á jẹ́ ẹ̀rí tí kóòtù lè gbà, tí onítọ̀hún bá gbà lọ́kàn pé ikú ti dé. Ká ní níwájú adájọ́ ní Abuja níbí ni, ọ̀rọ̀ tí Charles sọ fún Gull ló máa wúwo jù, torí wọ́n ti sọ fún un pé kò ní yè, àwọn tó gbọ́ ọ sì ju ẹyọ kan lọ. Ti Mrs Cox, tó o bá yọ ẹnu ẹ̀ kúrò, kò sí nǹkan kan tó gbé e dúró. Gbogbo ìtàn pé ó pa ara ẹ̀, orí ẹnu obìnrin kan ló dá lé.

Nǹkan tó bí mi nínú jù nínú ẹjọ́ yìí ni ìwádìí àkọ́kọ́. Inú ilé The Priory gan-an ni wọ́n ti ṣe é! Carter tó jẹ́ coroner, ìyẹn òṣìṣẹ́ ìjọba tó ń wádìí ikú, àti júrì, ìyẹn àwọn ará ìlú tí wọ́n yàn láti gbọ́ ẹjọ́, jókòó sílé àwọn tó yẹ kí wọ́n fura sí, wọ́n fún wọn ní nǹkan jẹ, Florence ò jẹ́rìí, wọ́n kó gbogbo ẹ̀ tán kíákíá. Wọ́n ò lè sọ bí májèlé ṣe dé inú ẹ̀. Bàbá tó tọ́ Charles dàgbà, Joseph Bravo, ló fi owó àti ariwo jà kí wọ́n tó ṣe ìkejì, láti July títí di August 11, ní Bedford Hotel. Ìgbà yẹn ni júrì tó sọ pé wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ pa á ni, ṣùgbọ́n ẹ̀rí ò tó láti di ẹ̀bi ru ẹnikẹ́ni. Kí ló kù láti yẹ̀ wò nígbà náà? Burgundy tó ṣẹ́kù, kò sẹ́ni tó mọ̀ ibi tó wọlẹ̀ sí. Ìgò omi yẹn, kò sẹ́ni tó gbé e pamọ́ fún àyẹ̀wò. Èébì orí òrùlé nìkan ló ràn wọ́n lọ́wọ́, ọpẹ́lọpẹ́ Gull tó ní kí wọ́n kó o.

OmoKabba_Kubwa

Lọ́yà, ẹ ṣé gan-an, ẹ ti bá mi ro ẹjọ́ mi láìgba owó. Ẹ ẹ̀ wá rí i pé Mrs Cox ni? Ẹ jẹ́ kí n fi méjì kún un. Ọmọbìnrin tó ń ṣiṣẹ́ nílé náà, Mary Ann Keeber, òun ló gbọ́ igbe Charles tó sì sáré lọ sọ fún Mrs Cox, tó jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì Florence. Florence ti sùn, ó ti mutí yó, mi ò bá a wí. Ṣùgbọ́n Mrs Cox ò sùn! Yàrá tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibẹ̀ ni igbe yẹn ti jáde, ọmọ ọ̀dọ̀ gbọ́, òun ò gbọ́? Ìkejì, dókítà tó kọ́kọ́ ránṣẹ́ sí, Dr Harrison, Streatham ni ìyẹn ń gbé, bẹ́ẹ̀ Dr Moore wà ní Balham nítòsí. Ìgbà tí Florence jí tó bẹ̀rẹ̀ sí í ké ni wọ́n tó lọ pe èyí tó sún mọ́lé. Tí ọkọ ọ̀gá ẹ bá ṣubú ní Kubwa, ṣé Gwagwalada lo máa kọ́kọ́ ránṣẹ́ sí ni?

IyaIbeji_Jos

Mo ti ń ka gbogbo nǹkan tẹ́ ẹ ń sọ láti ìbẹ̀rẹ̀, mo sì ti rí i pé kò sẹ́ni tó fẹ́ fọwọ́ kan Florence, bóyá torí pé ẹ ń káàánú ẹ̀. Èmi náà ń káàánú ẹ̀ ṣùgbọ́n nọ́ọ̀sì ni mí, ọdún tí mo ti lò ní wọ́ọ̀dù àwọn aláboyún kì í ṣe kékeré, ẹ jẹ́ kí n sọ nǹkan tí ẹ̀yin ọkùnrin ò rí. Obìnrin yìí ṣègbéyàwó ní December. Láàárín December sí April, oyún méjì ti bàjẹ́ lára ẹ̀. Ẹ tún un kà. Ara ẹ̀ ò tíì padà sípò tí ọkọ ti ń béèrè ìgbà tóun máa padà sí yàrá, ó ń fẹ́ ọmọkùnrin tó máa jogún. Ó sì ti ní oyún kan tó bàjẹ́ nígbà tó wà pẹ̀lú Gully, tó ṣeé ṣe kó pa á tán. Ìbẹ̀rù ikú lórí ìkúnlẹ̀, ẹ má fojú kékeré wò ó, pàápàá jù lọ ní 1876.

Ẹ wá fi ọ̀rọ̀ owó kún un. Nígbà yẹn ní England, tí obìnrin bá ti lọ́kọ, nǹkan tó ní ti di ti ọkọ, àfi tí wọ́n bá kọ ìwé àdéhùn. Florence kọ ọ́, ó di owó ẹ̀ mú. Inú Charles ò dùn sí i, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ torí ẹ̀ fi ìgbéyàwó sílẹ̀, ó ní òun ò lè jókòó lórí àga tí kì í ṣe tòun. Ó sì ń sọ fún un pé kó ta ẹṣin, kó dín ọgbà kù, kó lé Mrs Cox. Nílé ara ẹ̀ o! Ìdí tó lè mú èèyàn ṣe nǹkan wà níbẹ̀ dáadáa, ó ju ti Mrs Cox lọ.

Nǹkan kan ṣoṣo ló dá mi dúró. Ìgbà tó jí, òun ló ń pariwo kí wọ́n pe dókítà, òun ló kọ̀wé sí Sir William Gull kó wá. Ẹni tó fún ọkọ ní májèlé, ṣé ó máa lọ gbé dókítà tó gbọ́n jù ní London wá síbi òkú? Àbí ọgbọ́n àgbọ́njù ni? Mi ò mọ̀.

Mo sì fẹ́ sọ pé nǹkan tí lọ́yà Joseph Bravo ṣe fún un ní ìwádìí kejì, ọkùnrin kan tó ń jẹ́ George Lewis, kò dára. Ọjọ́ mélòó ni wọ́n fi bi í léèrè ìgbà tó bá Gully sùn níwájú gbogbo oníwèé ìròyìn, kí ni ìyẹn ní í ṣe pẹ̀lú ìgò omi? Ìgbà tí wọ́n parí, orúkọ Gully bàjẹ́, àwọn ẹgbẹ́ dókítà yọ ọ́ kúrò, Florence kó lọ sí Southsea, ọtí pa á níbẹ̀ ní September 1878. Kò pé ẹni ọdún 35.

Omo_Offa_Minna

Ẹ̀yin àgbà, kí ló dé tí kò sẹ́ni tó dárúkọ Griffiths? Mo kà pé ẹni tó ń wa kẹ̀kẹ́ ẹṣin wọn ló ra tartar emetic yẹn, orúkọ ẹ̀ wà nínú ìwé oníkẹ́mísìtì, Charles ló lé e níṣẹ́, ó sì fi ìbínú sọ pé Charles ò ní lo oṣù mẹ́rin sí i. Ó kú lóòótọ́! Kí ló kù?

Loya_Garki

Àbúrò mi, Kent ni Griffiths wà lálẹ́ ọjọ́ yẹn, ọ̀gá tuntun ló ń bá ṣiṣẹ́ níbẹ̀. Ẹni tí wọ́n lé níṣẹ́ tó ṣépè lẹ́nu ọ̀nà, tó o bá ní ká máa mú irú wọn, gbogbo ẹ̀wọ̀n Kuje á kún. Ṣùgbọ́n o ti fọwọ́ kan nǹkan tó dáa, torí òun ló mú májèlé yẹn wọ inú ọgbà The Priory. Ó rà á fún ẹṣin, ó kó o sínú kọ́bọ́ọ̀dù ní ibùjẹ ẹran, ó ní òun da èyí tó kù dànù kóun tó kúrò ní January. Ó ní o. Kò sẹ́ni tó bá a rí i.

Oloogun_Kaduna

Ibi tí mo fẹ́ kí ẹ dé nìyẹn. Ìyáàfin IyaIbeji, ẹ̀rí tẹ́ ẹ kó wá lórí Florence wọ̀ mí lára, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n fi èyí sílẹ̀ fún yín. Àwọn kan gbà pé Charles fúnra ẹ̀ ló ń lo tartar emetic ní bòńkẹ́lẹ́, tó ń da díẹ̀ sí wáìnì ìyàwó ẹ̀ kó lè máa bì kí ọtí sú u. Kì í ṣe nǹkan tuntun nígbà yẹn o, ọ̀nà tí wọ́n ń gbà ja ọ̀mùtí kúrò nídìí ọtí ni. Lálẹ́ yẹn ó fi laudanum pa eyín, ó gbé díẹ̀ mì, ẹ̀rù bà á, ó mú nǹkan tó mọ̀ pé ó ń múni bì, kò wọn ọ́n. Tó bá jẹ́ bẹ́ẹ̀, ìdí tó fi dákẹ́ fún ọjọ́ mẹ́ta yé mi. Ṣé ó máa sọ fún àwọn dókítà níwájú ìyàwó ẹ̀ pé èmi ló ń fún un ní nǹkan tó ń dá a gúnlẹ̀?

Èmi ò sọ pé òótọ́ ni. Kò sẹ́ni tó bá ìyẹ̀fun yẹn lọ́wọ́ ẹ̀ tàbí nínú yàrá ẹ̀, bẹ́ẹ̀ sì ni kò sẹ́ni tó bá a lọ́wọ́ Mrs Cox. OmoKabba, ìwọ ni mò ń bi: níbo ni Mrs Cox ti rí tartar emetic?

OmoKabba_Kubwa

Nínú kọ́bọ́ọ̀dù Griffiths ná! Ìtàn pé ó dà á dànù, ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ pé kò sẹ́ni tó rí i. Mrs Cox ló ń bójú tó gbogbo ilé, kọ́kọ́rọ́ wà lọ́wọ́ ẹ̀, kò sí yàrá tí kò lè wọ̀. Ẹni tó ń gbé inú ilé yẹn ló mọ̀ pé nǹkan wà nínú kọ́bọ́ọ̀dù, nǹkan tí mo ti ń sọ látòní nìyẹn.

Baba_SabonGari

Charles náà ń gbé inú ilé yẹn.